Àpótí géèmù àtijọ́ tí omi bà jẹ́: ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú

Ẹ̀gbọ́n kan níbí ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ní àwọn ti ra Ms. Pac-Man, odidi àpótí rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé, owó pọ́ọ́kú. "Àbúrò, omi kàn fọwọ́ bà á nísàlẹ̀ ni o. Mo fẹ́ fi sí iná báyìí kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ẹni tó bá dàgbà sí Amẹ́ríkà mọ àpótí tí mò ń sọ: ó ga tó àgbàlagbà, tẹlifíṣọ̀n wà láyà rẹ̀, ẹ ó sì ju owó ẹyọ 25 sẹ́ǹtì sínú rẹ̀ kí ẹ tó lè gbá géèmù. Space Invaders jáde ní Japan ní 1978, Pac-Man tẹ̀lé e ní 1980, Donkey Kong ní 1981, Ms. Pac-Man ní 1982. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú wọn lónìí ti lé ní ogójì ọdún, inú gárèèjì àti àjà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń darúgbó, níbi tí omi ti ń kọ́kọ́ dé. Nílùú tí ìjì Harvey da omi sílé àwọn èèyàn ní August 2017, kò sí ọdún tí ẹnìkan kì í gbé irú ẹ̀ síta.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, àwọn àpótí yìí ni mo fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo ti rí kọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ojú ni gbogbo èèyàn máa ń wò: gíláàsì ò fọ́, àwòrán ẹ̀gbẹ́ ṣì ń dán, ó dáa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù géèmù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà iná kéékèèké géèmù wà lára rẹ̀, ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún ṣe, ó ṣeé rà. Pákó ìdí rẹ̀ ló ń sọ bóyá iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló wà níwájú yín tàbí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má tan án

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ ká wáyà rẹ̀, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é mọ́ ẹ̀yìn àpótí kí ọmọdé kan má baà ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú Ms. Pac-Man àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, tíráńsífọ́mà àti fíùsì wà nílẹ̀ pátápátá nínú àpótí, lórí pákó. Ibẹ̀ lomi ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ló sì ń gbẹ kẹ́yìn. Bí iná bá wọ ibẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, bọ́ọ̀dù tó wà lókè, tí omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, lè jóná. Ohun tí omi dá sí, ọwọ́ ara yín lẹ fi pa á.

Túùbù tẹlifíṣọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, iná tó wà nínú rẹ̀ lé ní 20,000 fóòtì, ó sì lè fi díẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹni tí kò bá tú irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ rí, kó wá ẹni tó ti tú u. Bí àwọn yẹn ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi wáyà so irin sukurudíráfà tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà mọ́ férémù irin tó gbé túùbù dúró, wọ́n á rọra ti ẹnu rẹ̀ sábẹ́ ìdérí rọ́bà tó dà bí fìlà kékeré lára túùbù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, wọ́n á ki èkejì bọ àpò. Nígbà míì ẹ ó gbọ́ "tá!" Nígbà míì ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Irú omi wo ni?

Gbogbo omi kọ́ ló jọra. Èyí tó ń kán láti òrùlé máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè: ẹ ó rí ojú rẹ̀ lórí àpótí, ó lè ba túùbù àti bọ́ọ̀dù jẹ́ kí ìdí sì le koko. Bí páìpù bá bẹ́ nínú ilé, tí wọ́n sì gbé àpótí kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ṣì rọrùn. Omíyalé ló burú jù, torí kì í dá wá. Ó ń gbé epo mọ́tò, ẹrẹ̀ àti ohun tó wà nínú ṣáláńgá dání, ó sì máa ń dúró pẹ́. Bí ó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, ẹ bomú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ìta gbangba ni kí ẹ sì ti ṣí i.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rinrin àjà ilẹ̀. Kò sí ẹni tó rí omi kankan, ṣùgbọ́n ìdí àpótí ti ń mu díẹ̀díẹ̀ láti ara simẹ́ńtì fún ogún ọdún. Ẹni tó ń tà á á búra pé omi ò kàn án rí, kò sì purọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: omi ga dé ibo, ọjọ́ mélòó ló fi dúró, ṣé ẹ̀rọ náà wà lórí iná nígbà tí omi wọlé? Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, pàápàá tó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń ya ìdí àpótí sí fọ́tò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Omíyalé máa ń fa ìlà sílẹ̀ lára pákó bí ìlà tí omi ọbẹ̀ ń fà sára ìkòkò, ìlà yẹn kì í parọ́.

Ti ẹ̀gbọ́n, àpótí owó ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́. A fa dúrọ́ọ̀ irin tí owó ń já sí nísàlẹ̀ jáde, ó ń dún kírikíri. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti rí bí èèpo igi. Owó ẹyọ mọ́kànlá wà nínú rẹ̀ tí ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí àwọ̀ ewé ti yọ létí wọn. "Omi kàn fọwọ́ bà á" kọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìdí

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí lọ̀rọ̀ wà.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí etí àpótí ká. Kò sí ìṣó lára rẹ̀, inú ojú ayùn kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ẹ fà á jáde ní igun ìsàlẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wo ara pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìpele ìpele bí ojú ìwé tó nípọn, plywood ni. Bí ó bá rí bí ẹ̀rún pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, chipboard ni. Bí ó bá dán, tó rí bí páálí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra, MDF ni.

Plywood máa ń ṣeé bá sọ̀rọ̀. Omi lè mú kí ìpele rẹ̀ là, ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ, ẹ lè fi gọ́ọ̀mù káfíńtà sáàárín wọn, kí ẹ fi kíláàǹpù há a mọ́ra di ọjọ́ kejì. Chipboard ò gbọ́ ìyẹn. Ooru àti agbára ńlá ni wọ́n fi tẹ ẹ̀rún yẹn pọ̀ ní ilé iṣẹ́. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan á na ara rẹ̀, gọ́ọ̀mù á jáwọ́. Ẹ rò ó bíi gàrí. Ẹ da omi sí i, ó wú. Ẹ gbé e sóòrùn, ó gbẹ. Ṣé ẹ rí i kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? MDF náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ wọn ọ́n. Pákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn àpótí Amẹ́ríkà yìí nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, ìyẹn mìlímítà 19. Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tó dọ́gba pẹ̀lú àyà yín, níbi tí omi ò dé, kí ẹ mọ iye tirẹ̀ gan-an. Ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìka mẹ́rin mẹ́rin. Ibi tí iye náà bá ti ń lé, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn, torí ilẹ̀ gárèèjì kì í tẹ́jú: ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ òsì wú dé sẹ̀ǹtímítà 12 láti ilẹ̀, ti ọ̀tún gun dé 31.

Ẹ wá mú sukurudíráfà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ ti pákó láti inú, kì í ṣe láti ìta níbi tí àwòrán wà. Pákó tó ṣì wà láàyè á kọ̀ yín. Èyí tó ti kú á gba irin náà wọlé bí iṣu tó jiná jù. Ní igun ọ̀tún ti ẹ̀gbọ́n, irin náà wọlé dé ìdajì, nígbà tí mo sì fà á jáde, ìyẹ̀fun dúdú tẹ̀lé e, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ bu omi mu.

Ibi mẹ́rin ni kí ẹ tẹ̀ dáadáa: ibi tí ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ ìdí àpótí. Àpótí yìí wúwo ju 100 kílò lọ, orí ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Bí pákó ibẹ̀ bá ti rà, ẹ má tì í, ẹ má fà á. Ẹ pe ẹnì kejì kí ẹ jọ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù.

Orí búlọ́ọ̀kù náà ni kó ti gbẹ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ gbé fáànù sí i, àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí ẹ bá ní. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ má gbé e sóòrùn Texas, àwòrán ẹ̀gbẹ́ á ká bí ewé ògèdè. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ tún un wọ̀n. Iye kejì yìí ni ẹ ó fi ṣèpinnu, iye àkọ́kọ́ kàn ń dẹ́rù bani ni.

Òfin tèmi rèé, káfíńtà míì lè má gbà. Bí ìbàjẹ́ ò bá ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ láti ilẹ̀, ẹ tún un ṣe: ẹ fi ayùn gé ibi tó kú kúrò lọ́nà tó tọ́, kí ẹ fi plywood tuntun so ó pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi kéékèèké. Bí ó bá ga dé ibi tí ọwọ́ ń gbé gbá géèmù, àpótí yẹn ti lọ. Láàárín méjèèjì, àwòrán ẹ̀gbẹ́ ni yóò dá ẹjọ́. Bí ó bá ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ gan-an, tí kò ṣí, ó tó jà fún. Bí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà dúdú tẹ́lẹ̀, kí lẹ ń gbà là?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń da kẹ́míkà olómi sára pákó tó wú kó lè gan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún igun kékeré. Fún odidi ìdí, ẹ kàn ń fowó ra òkúta tó rí wúruwùru ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun tó wà nínú rẹ̀

Èyí ò gba àkókò bíi ti pákó. Ohun tó bá wà lókè ìlà omi, ẹ gbà pé ó ṣì dára títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí míì. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbà pé ó ti bàjẹ́. Tíráńsífọ́mà tó ti mu omíyalé, èmi kì í tún un lò, bí mítà tiẹ̀ ní ó dára, torí ilé tèèyàn ń sùn sí ló máa jó bí mítà bá parọ́. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ ti yọ àwọ̀ ewé, ẹ gé ẹnu náà kí ẹ fi tuntun sí i.

Gíláàsì túùbù ò ka omi sí. Àwọn ohun tó yí i ká ni kí ẹ wò, pàápàá pánẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ìgò. Bí ọrùn yẹn bá sán, ó parí.

Bọ́ọ̀dù tí ẹrẹ̀ bá dé ara rẹ̀ ṣeé fọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Omi tí kò ní iyọ̀ nínú, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀. Ẹ ṣàn án, ẹ fi isopropyl alcohol lé omi jáde, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Níbi gbígbẹ yìí ni èèyàn ti ń ṣìṣe. Àwọn ROM kan lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn ṣíìpù tí wọ́n kọ géèmù sínú rẹ̀, ní fèrèsé gíláàsì kékeré lórí, sítíkà sì bò ó. Bí sítíkà bá ṣí tí ẹ sì gbé e sóòrùn, ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an lè pa géèmù rẹ́ kúrò nínú ROM láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù dúdú bò ó, kí ẹ sì sá bọ́ọ̀dù sábẹ́ òjìji.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ROM náà. Bí wọ́n bá ti dúdú bí èédú, ẹ má fà wọ́n tu pẹ̀lú ipá. Ẹsẹ̀ kan á kù sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, omijé á bọ́. Ti Ms. Pac-Man tún ní tirẹ̀: bọ́ọ̀dù Pac-Man ni wọ́n mú, tí wọ́n wá fi bọ́ọ̀dù kékeré kan kún un pẹ̀lú wáyà pẹlẹbẹ tó wọ ibi tí CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, yẹ kó wà. Bí àwòrán bá dàrú lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, wáyà pẹlẹbẹ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọlé kí ẹ tó fẹ̀sùn kan omi.

Nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Williams bíi Defender, Joust àti Robotron, bátìrì AA mẹ́ta wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń rántí àmì ayò àwọn ọ̀gá. Ẹ yọ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Omi ara bátìrì tó jò ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ju omíyalé lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ta ni wọ́n ń pè é?

Ẹ mọ ohun tó wà níwájú yín kí ẹ tó pinnu. Ms. Pac-Man ju 100,000 lọ tí wọ́n ṣe, ẹ ó rí òmíràn. Ẹ̀rọ tí wọ́n yí padà, tí orúkọ òkè rẹ̀ ò bá ohun tó wà nínú mu, kì í níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò. Donkey Kong tí gbogbo èèyàn mọ̀, àwọ̀ búlúù ni. Àwọn àkọ́kọ́ tó dé Amẹ́ríkà ní 1981 jẹ́ pupa, torí àpótí géèmù míì, Radar Scope, tí Nintendo ò rí tà ni wọ́n lò, nǹkan bí 2,000. Bí ẹ bá rí pupa lábẹ́ ẹrẹ̀, ẹ dúró ná, kódà kí ìdí rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Èyí tí omi ò lè rí mú gan-an ni Computer Space ti 1971: fibreglass ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Mo ṣì ń wá a.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé

Ẹ ṣe èyí kí ìfẹ́ rẹ̀ tó wọ̀ yín lára. Ẹ kọ iye pákó, àwòrán ẹ̀gbẹ́ tuntun, tíráńsífọ́mà, ohun ìtúnṣe túùbù, rọ́bà etí, ọ̀dà. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, torí ohun kan wà tí ẹ ò tíì rí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo iye tí irú rẹ̀ tó dára ń lọ lórí eBay, èyí tí wọ́n ti tà, kì í ṣe iye tí wọ́n ń béèrè. Ẹnikẹ́ni lè béèrè iye tó bá wù ú.

Bí àpapọ̀ yín bá ju iye yẹn lọ, èrè ti kúrò níbẹ̀. Kò burú kéèyàn ṣe é nítorí ìfẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ kọ iye kan síbẹ̀ tí ẹ ò ní kọjá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àpótí náà. Mo ti kọjá tèmi rí pẹ̀lú àpótí Galaga kan. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, n kì í sọ iye owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀nà mẹ́ta ló wà

Àtúnṣe ni àkọ́kọ́, mo ti sọ ọ́. Èkejì ni pé kí ẹ kan àpótí tuntun, kí ẹ kó ohun inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá yan èyí, ẹ má tíì sọ ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ nù: ẹ tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀, ẹ gbé e lé e lórí, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìrísí rẹ̀ yí ká. Òkè rẹ̀ tí kò wú ló ní ìrísí tó péye jù, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ rà fún ọ̀fẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ tú u palẹ̀. Bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn owó, gíláàsì orúkọ, ọwọ́ ìdarí, túùbù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí ẹ̀rọ ẹlòmíì dìde. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Túùbù tó ti kú, ẹ má gbé e sínú ìdọ̀tí ilé, òjé pọ̀ nínú gíláàsì rẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìlú yín ti ń gba ẹ̀rọ iná àtijọ́.

Ẹ̀gbọ́n yan ọ̀nà kìíní fún ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀nà kejì fún ọ̀tún, ohun tí mi ò rí ẹnikẹ́ni ṣe rí. A gé sẹ̀ǹtímítà 12 kúrò lápá kan, a kan odidi ẹ̀gbẹ́ tuntun fún apá kejì, láti inú páálí tí a fà. Wọn ò tíì kun ún. Ẹ bá wọ gárèèjì wọn lónìí, ẹ ó rí Ms. Pac-Man tó ní bàtà funfun lẹ́sẹ̀ kan àti ṣòkòtò funfun lẹ́sẹ̀ kejì, ó ń kọrin. Owó ẹyọ mọ́kànlá yẹn wà nínú ife lórí rẹ̀. Ẹ bu ọ̀kan níbẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kí ẹ dá a padà tí ẹ bá tán.